Bàbá Ta-Ló-Wà

Bí ẹ bá dé iléeṣẹ́ tó ń wọn òjò àti odò, tí ẹ ní ẹ ń wá ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ńpútà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. "Ṣé Bàbá Ta-Ló-Wà lẹ ń béèrè?" Á wá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí àtẹ̀gùn mẹ́fà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ lọkùnrin náà ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ò fẹ́ ooru, torí náà yàrá yẹn tutù bí inú kànga, òun a sì máa wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan nígbà tí àwọn tó wà lókè bá ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn. Òun àti ẹ̀rọ nìkan ni. Ẹ̀rọ ń kùn, òun ń dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé.

Bí orúkọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Láràárọ̀, kó tó ṣí fìlà lórí, á jókòó, á wọlé sínú ẹ̀rọ, á sì tẹ lẹ́tà mẹ́ta: who. Kọ̀ńpútà tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń fi ìka tọ́ àwòrán lójú. Ojú dúdú ni, kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ lẹ máa kọ sí i. Bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa, á ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Bí ẹ bá ṣì í kọ, á ní òun ò mọ ohun tí ẹ ń wí. Ènìyàn púpọ̀ ló lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi tó jìnnà síra, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti yàrá tirẹ̀. Who yìí la fi ń bi í léèrè pé ta ló wà nínú rẹ báyìí, ẹ̀rọ á sì to orúkọ wọn sílẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

Nígbà kan rí, orúkọ méjìlá, mẹ́tàlá, ló máa ń jáde láàárọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ odò ni, tí wọ́n ń ti etí odò fi ìwọ̀n omi ránṣẹ́. Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ gbé àwọn àpótí kan sétí odò tó ń wọn omi fúnra wọn, àwọn olùṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn ń dín kù bí eyín arúgbó. Ọdún kẹrin rèé tó jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ló ń jáde, tirẹ̀ náà sì ni. Síbẹ̀ kò yé béèrè. Ta ló wà? Ìwọ ni. Akọ̀wé kan tó sọ̀ kalẹ̀ wá tọrọ bébà ló bá a níbi tó ti ń ṣe é, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà dókè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn, orúkọ bá mọ́ ọn lára. Kò bínú sí i, ó tilẹ̀ máa ń dáhùn. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọkùnrin yìí kì í wá orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ kan ló ń wá lójú dúdú yẹn, lẹ́tà mẹ́ta péré: omo.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣí yàrá fún un nínú ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, nítorí náà bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ọmọ á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má bi mí bóyá òfin iléeṣẹ́ gbà á. Òfin ò gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá mú jókòó ní yàrá tí kò ní fèrèsé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yọ okùn tí kò yẹ kó yọ.

"Bó o ṣe rí i yìí, ilé ni," ló wí fún un. "Yàrá wà nínú yàrá. Tó o bá fẹ́ mọ ibi tó o dúró sí, tẹ pwd. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, tẹ ls. Tó o bá fẹ́ lọ sí yàrá mìíràn, tẹ cd, kó o wá kọ orúkọ yàrá náà tẹ̀ lé e."

"Bí mo bá wá sọnù ńkọ́?"

"Tẹ cd nìkan, má fi nǹkan kan tẹ̀ lé e. Ibi yòówù kó o wà, ilé ló máa gbé ọ padà sí."

"Ibikíbi?"

"Ibikíbi."

Ó kọ́ ọ ní cat, tó ń ka ìwé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì kọjá lọ, ó sì kọ́ ọ ní less, tó ń ṣí ìwé sílẹ̀ níwájú ẹni, tí kò sì ní í pa á dé àfi bí ẹni náà bá tẹ q fúnra rẹ̀. Ó kìlọ̀ rm fún un gidigidi. "Èyí ò ní garawa ìdọ̀tí o. Ohun tó bá ti jù nù ti lọ nìyẹn, kò sì ní bi ọ́ léèrè pé ṣé ó dá ọ lójú." Ọmọ náà ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn títí bàbá fi kúrò lórí ọ̀rọ̀ rm.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ da ìwé kan kọ sí yàrá mìíràn fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó dúró, kò rí nǹkan kan. "Bàbá, kò dá mi lóhùn."

"Bó bá ti dákẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀."

Ọmọ wo ẹ̀rọ, ó wo bàbá rẹ̀. "Ó jọ yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀rín yẹn, ó ti lé lógún ọdún, kò sì tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nǹkan méjì ló tún fi lélẹ̀ fún un. Èkíní, bó bá ti wọlé sínú ẹ̀rọ, kó tó ṣe ohunkóhun, kó kọ́kọ́ tẹ who, torí pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í wọlé láì wo ẹni tó wà ńlé. Èkejì, ó ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú yàrá tirẹ̀, ó pè é ní fun-omo, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún un: ó lè kà á, kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń fi ìwé pélébé sí fún un lójoojúmọ́. "Búrẹ́dì rẹ wà lábẹ́ fìlà mi." "Ìyá rẹ ní kó o wẹ ẹsẹ̀ rẹ lónìí, mo ti sọ tèmi." Kódà nígbà tó dàgbà tó kúrò ní ẹni tí wọ́n ń mú wá síbi iṣẹ́, ó ń tilé wọlé sínú ẹ̀rọ láti kà wọ́n. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe eré yìí.

Ó di ọdún tí ọmọ pé mọ́kàndínlógún, ìyá wọ ọsibítù. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọ́n ní yóò padà sílé ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́rú, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò dá. Odò ń kún. Ní aago kan ọ̀sán, ẹ̀rọ kú pátápátá. Bí ẹ̀rọ yìí bá kú, kò sí bí àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò ṣe máa gbọ́ pé omi ń bọ̀. Ọ̀gá ìgbà yẹn dúró sí ọkùnrin náà lẹ́yìn ọrùn, ó ń mí sí i létí. Ni fóònù rẹ̀ tó wà lórí tábìlì bá dún. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló rí. Ó ní á jẹ́ ọ̀rọ̀ sálúbàtà tí ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n mú wá. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó jẹ́ kó dún tán. Ó tún dún. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó na ìka, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣú.

Ó lé díẹ̀ ní aago márùn-ún kó tó rí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Ìkìlọ̀ jáde, àwọn èèyàn kó ẹrù wọn gòkè, ẹyọ ènìyàn kan ò bómi lọ. Wọ́n kọ ìwé ìyìn fún un lẹ́yìn náà, ó tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tó tan fóònù, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti aago mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n ní títí dé òpin, ọkọ rẹ̀ ló ń béèrè.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Kò pariwo. "Bàbá, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo pè yín."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí ọkùnrin yìí lè wí pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Odò ń kún."

Òótọ́ ni. Ibi tó burú sí gan-an nìyẹn, kò parọ́. Ọmọ mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ìlú tó wà báyìí, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án ni. Ọdún méjìlá rèé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ kú ọdún, sà." Sà! Ọmọ tó jẹ́ pé orí itan bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ls àti cd.

Ẹ wo bó ṣe ń gbé látìgbà náà. Yàrá méjì ló ń gbé, ọ̀kan nìkan ló ń lò. Àwo kan, ife kan, ìjókòó kan lẹ́bàá fèrèsé; ìjókòó kejì ló ń gbé aṣọ sí kí ó má baà rí i pé kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì pa fóònù rẹ̀ rí. Bó bá ń wẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ. Bó bá ń sùn, ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Àwọn tó ṣi nọ́ńbà pè nìkan ló sì ń pè é. Obìnrin kan pè é nígbà kan, ó ń wá káfíńtà. Dípò kó ní kì í ṣe òun, ó bi í léèrè irú àga tó fẹ́, ìwọ̀n tó fẹ́, bóyá ó fẹ́ ibi ìfọwọ́lé, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jẹ́wọ́ pé òun ò mọ igi gé. Obìnrin náà bú u dáadáa. Inú rẹ̀ dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun mìíràn tó ń ṣe ni pé ó ń kọ̀wé. Ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kó tó lọ sílé, á ṣí yàrá fun-omo, á kọ ìlà méjì, mẹ́ta síbẹ̀, á fi déètì ọjọ́ náà ṣe orúkọ rẹ̀. "Òjò òní jẹ́ mílímítà mẹ́rìnlá. Òrùlé ìdáná ṣì ń jò." "Mo ra bàtà. Ó fún mi." "Wọ́n ti ti ilé búrẹ́dì ìyá rẹ pa. Wọ́n ti ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ báyìí." Ọdún méjìlá ló fi kọ ọ́, ó kọ nípa òjò, ó kọ nípa èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí kò kọ àfi ohun tó yẹ kó kọ. Ẹ ó ní ṣé kò lè pè é ni. Ó lè pè é. Ìka rẹ̀ ò wúwo, ẹnu rẹ̀ ló wúwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì á tẹ who, kò ní rí omo níbẹ̀, á sì gbà pé kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe rí títí ọ̀gá tuntun fi dé. Obìnrin ni, kò tíì tó ogójì ọdún, ojú rẹ̀ mọ́, kò sì ní ìkà nínú. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú bébà lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo àwọn tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, ẹ bá wa yọ orúkọ wọn kúrò, ẹ má kó wọn dé ibi tuntun. Ẹ kún fọ́ọ̀mù yìí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń bá wa ṣe, àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ ẹ." Ó ti fẹ́ yí padà kó tó rí orúkọ kan nínú bébà. "Ta ni omo yìí?"

"Ọmọ mi ni, mà."

"Ó ń bá wa ṣiṣẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

Obìnrin náà wò ó, ó wo súwẹ́tà rẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti lu. "Ẹ má bínú, Bàbá. Òun náà á kúrò."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló fi yọ àwọn olùṣọ́ odò. Ó mọ gbogbo wọn. Á kún fọ́ọ̀mù, á yọ yàrá rẹ̀, ẹ̀rọ á dákẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti ṣe é. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ku fọ́ọ̀mù kan. Ó kọ "omo" sí àyè àkọ́kọ́. Níbi iṣẹ́, ó ro ó títí, ó fi sílẹ̀. Ó wá ku ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn.

Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ last. Who ń sọ ẹni tó wà nísinsìnyí. Last ń sọ gbogbo ìgbà tí ẹnì kan ti wọlé tó sì ti jáde látẹ̀yìnwá. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n dáadáa, ó tó ọgbọ̀n ọdún tó ti mọ̀ ọ́n. Kò lò ó fún orúkọ ọmọ rẹ̀ rí lọ́dún méjìlá. Ìbẹ̀rù ni! Ẹni tó bá béèrè "ta ló wà" láàárọ̀, tí wọ́n ní kò sí, ó lè ní bóyá lọ́la. Ẹni tó bá béèrè àtẹ̀yìnwá, tí wọ́n ní kò wá rí, kò ní ọ̀la kankan tó lè fi tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ last omo, ó sì fi ojú sí ìka rẹ̀ torí kò fẹ́ wo òkè.

Nígbà tó gbójú sókè, ojú dúdú náà ti kún bámúbámú. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣì í tẹ̀ ni. Omo, ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjì ọ̀sán. Omo, ọjọ́ Àìkú. Omo, ọjọ́ Àìkú. Ó sún un sókè, ó tún kún. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí wà níbẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà, láti oṣù kejì lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kan wà láàárín, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí kò wọlé rárá. Ṣé àìsàn ni? Ṣé ọmọ ló bí? Bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀, kò mọ̀, ìyẹn gan-an ló mú omi jáde lójú rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ Àìkú kò ṣòroó mọ̀. Iléeṣẹ́ a máa wà ní títì lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ mọ̀ pé bàbá òun kì í wá lọ́jọ́ náà, kò sì sí bí who ti àárọ̀ ọjọ́ Ajé ṣe máa rí ẹni tó ti jáde láti ọ̀sán àná. Òun ló kọ́ ọ, ó kọ́ ọ yanjú. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú méje, á kà á tán, á lọ. Ọkùnrin náà wá ronú sí gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ti bá níbẹ̀ láti ọdún méjìlá wá: mílímítà mẹ́rìnlá, bàtà tó fún, òrùlé tó ń jò. Ènìyàn kì í wá gbọ́ ìròyìn òjò fún ọdún méjìlá. Ọ̀rọ̀ kan ló ń wá wò bóyá ó ti wà níbẹ̀.

Ó kọ déètì ọjọ́ Àìkú tó kọjá sí àyè kẹta, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́fà náà lọ bá ọ̀gá, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. "Mà, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí di ọjọ́ Ajé."

"Kí ló máa yàtọ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

Ó na fọ́ọ̀mù náà sí i. Obìnrin náà wo àyè kẹta nínú fọ́ọ̀mù, ó wo déètì tó wà níbẹ̀, ó wo ojú àgbàlagbà tó dúró níwájú rẹ̀. "Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá. Aago mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti pa ẹ̀rọ yẹn."

Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ló kù.

Aago kan ló dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, pẹ̀lú súwẹ́tà àti búrẹ́dì kan tí kò jẹ. Ẹ̀ṣọ́ ya ẹnu. "Bàbá, ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ta ló wà?"

"Ṣí i fún mi, jàre."

Ó jókòó, ó wọlé, ó tẹ who. Òun nìkan. Ó ṣí yàrá fun-omo, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Ó kọ iye òjò tó rọ̀ lánàá, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé ara òun le, ó pa á rẹ́. Ó kọ "Odò", ó wo ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó pa á rẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, ohun tó kọ sílẹ̀ nìyí:

"Mo rí orúkọ rẹ lójú fóònù. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni. Ẹ̀rù bà mí, mo pa á. Odò kọ́, èmi ni. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

Ó fi déètì ọjọ́ náà ṣe orúkọ rẹ̀. Ó yẹ kó jáde. Bí ọmọ bá wọlé tó tẹ who, tó rí i pé bàbá òun wà ńlé, ó lè yí padà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní sí ọjọ́ Àìkú mìíràn. Ó gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì láti jáde, ó gbé e kúrò. Ó tún gbé e síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá ọmọ ń béèrè rẹ̀, kò sí ńlé. Ó jókòó.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tẹ who. Orúkọ méjì ló jáde.

Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ó mọ̀ pé lọ́hùn-ún, ní ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ ti tẹ who bí òun ṣe kọ́ ọ, ó sì ti rí orúkọ méjì kan náà. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: méjì. Kò tíì lọ. Ó wá lo w, èyí tí í ṣe àbúrò who, tó ń sọ ohun tí kálukú ń ṣe nínú ilé. Níwájú omo, ó rí less, àti déètì òní.

Ìwé náà ti ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ìwé ìlà méjì, ọmọ tó wà ní kíláàsì àkọ́kọ́ á kà á láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin náà tẹ w lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: less. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin: less. Lẹ́yìn mẹ́jọ, ó ṣì wà lórí less, kò tíì tẹ q. Bàbá gbé ọwọ́ lé itan, ó dẹ́kun títẹ̀. Òtútù yàrá yẹn ti wọ̀ ọ́ dé egungun, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko ni ọmọ náà fi wà níwájú ìlà méjì.

Nígbà tó tún tẹ who, orúkọ kan ló jáde, tirẹ̀.

Ó ti lọ. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti rántí ohun tó máa ń sọ fún un, pé bó bá ti dákẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó rọra fa fọ́ọ̀mù ọjọ́ Ajé jáde nínú dùrọ́ọ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò.

Fóònù dún.

Kò wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi sétí, kò sì dúró kó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbé e," ló wí. "Mo ti gbé e, ọmọ mi."